Wákàtí Kan Lóòjọ́

Bí ẹ bá dé ìlú Ìdànrè, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ẹ ó rí òkè ńlá tí wọ́n ṣe àtẹ̀gùn sí lára. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé orí rẹ̀. Láyé àtijọ́, orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ náà ni yóò fi gun òkè padà sílé, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹrù lórí. Kò sí ẹni tí ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe eré ìdárayá. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ti tó wọn.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ kan tí ilé wọn wà ní Òkè-Àró ní ìlú Àkúrẹ́. Ní òwúrọ̀, ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ márúwá ni yóò gbé e dé ilé-ìwé. Yóò jókòó ní kíláàsì títí di ọ̀sán. Ọkọ̀ ni yóò tún gbé e padà sílé. Bí ó bá ti jẹun tán, yóò jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ìyá rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí a bá ṣírò gbogbo ìṣẹ́jú tí ọmọ yìí fi rìn tàbí tí ó fi sáré láti àárọ̀, ó lè má ju mẹ́wàá lọ. Ìdí nìyí tí àwa fi ní láti máa ka ohun tí àwọn baba ńlá wa kò kà.

Mélòó wá ni ó tó? Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ fún 60 ìṣẹ́jú lóòjọ́, ó kéré tán. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 60 lọ́nà 7 jẹ́ 420 ìṣẹ́jú, ìyẹn wákàtí 7 lọ́sẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ náà, ó kéré tán ọjọ́ 3 gbọ́dọ̀ wà tí eré náà yóò le, irú èyí tí ń mú kí ènìyàn mí hẹlẹhẹlẹ, tí ó sì ń fún iṣan àti egungun lágbára.

Ti àwọn àgbàlagbà kò tó èyí. Bí wọ́n bá ń rìn kánmọ́kánmọ́, 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ni àjọ náà ní kí wọ́n ṣe. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n fẹ́ fi ìyà jẹ àwọn ọmọdé. Egungun yín ṣì ń dàgbà lọ́wọ́, fífò àti eré sísá sì wà lára ohun tí ó ń mú kí ó le dáadáa.

Kò pọn dandan kí ẹ ṣe 60 ìṣẹ́jú náà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ rin 15 ìṣẹ́jú kánmọ́kánmọ́ lọ sí ilé-ìwé, tí ẹ fi 20 ìṣẹ́jú ṣeré ní àkókò ìsinmi, tí ẹ tún fi 25 ìṣẹ́jú fo okùn nírọ̀lẹ́, ó ti pé. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí wọn kì í ṣe ohunkóhun láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n á wá gba bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ di alẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, wọn kò ní lè gbé ẹsẹ̀. Ǹjẹ́ ènìyàn lè fi oúnjẹ ọjọ́ mẹ́fà pamọ́ kí ó tó jẹ ẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ kan?

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá eré kan le tàbí kò le? Ẹ gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń ṣe é. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, eré náà mọ níwọ̀n. Bí ẹ kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ kí ẹ tó tún mí, ó ti le nìyẹn. Bí ẹ bá sì ń kọrin láìsí wàhálà, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀ sí i.

Ẹ lè béèrè pé kí ni jíjókòó lè ṣe fún ènìyàn. Ní ọdún 1953, dókítà kan tí ń jẹ́ Jerry Morris gbé ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì ní ìlú London. Bọ́ọ̀sì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni bọ́ọ̀sì wọn. Orí ìjókòó ni awakọ̀ máa ń wà látàárọ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ńdọ́ a máa gun àtẹ̀gùn inú ọkọ̀ lọ sókè, a sì tún máa sọ̀ kalẹ̀, kí ó lè gba owó lọ́wọ́ àwọn èrò. Dókítà náà rí i pé àìsàn ọkàn ń mú àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ńdọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́! Láti ìgbà náà, ìwádìí púpọ̀ ti fi hàn pé àìlo ara wà lára ohun tí ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ pẹ̀lú.

Ìwádìí mìíràn jáde ní ọdún 2019, lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n jẹ́ ọdún 11 sí 17 ní orílẹ̀-èdè 146. Ó fi hàn pé ní ọdún 2016, nínú ọmọ 100, 81 ni kò lo ara tó bí ó ti yẹ. Nínú 100 ọmọkùnrin, wọ́n jẹ́ 78. Nínú 100 ọmọbìnrin, wọ́n jẹ́ 85. Èyí dùn mí nítorí àwọn ọmọbìnrin. Bí ọmọkùnrin bá ń gba bọ́ọ̀lù, a ó ní ó ń ṣeré; bí ọmọbìnrin bá ń sáré, a ó ní kí ó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Kò yẹ bẹ́ẹ̀.

A kò nílò owó fún eré ìdárayá. Ẹ wo ẹkùn mẹ́ran, tí ọmọ kan yóò di ẹkùn, tí òmíràn yóò di ẹran, tí ẹkùn yóò sì máa lé e kiri. Ẹ wo tẹ́ń-tẹ́ń, súwe, ìjàkadì, bojúbojú àti okùn fífò. Ayò ọlọ́pọ́n dára fún ọpọlọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà a kò ní kà á mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé wà nínú ohun tí a ó kà. Ẹni tí ó bá ti gún iyán fún àlejò ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó mọ̀ pé òógùn a máa bọ́! Omi pípọn àti ilẹ̀ gbígbá pẹ̀lú kì í ṣe òfo.

Ẹ má ṣe ṣeré lójú títì. Ẹ sá fún oòrùn ọ̀sán gangan, kí ẹ sì máa mu omi. Ọmọ tí ó bá ní ikọ́ fée tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà irú eré tí ó bá a mu, kí ó sì sinmi nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ibà ń ṣe, kí ó dúró títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ kọ orúkọ ọjọ́ méjèèje sínú ìwé yín. Kí ẹ tó sùn ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi lo ara yín sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ sì fi àmì sí ọjọ́ tí eré náà le. Ẹ má ṣe fi irọ́ kún un. Bí òjò bá dí yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan, tí ẹ sì rí 20 péré ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ kọ 20 sílẹ̀. Ó sàn ju òfo lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó pé 420.