Ẹ̀yáwó Kì í Ṣe Ẹ̀bùn o!

Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín àwa SS3. Àwọn kan ní owó NELFUND, owó ìjọba ni, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn mìíràn ní àwọn ò ní sún mọ́ ọn láéláé, kódà bí ìwé kíkà àwọn bá máa dúró. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ níhà méjèèjì.

NELFUND ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó ń lò báyìí. Òfin ti 2023 ní owó tó ń wọlé fún ìdílé kò gbọ́dọ̀ ju 500,000 náírà lọ lọ́dún. Ti 2024 yọ ìyẹn kúrò. Iléèwé gíga ìjọba nìkan ló wà fún.

Wọn kì í kó owó iléèwé lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Iléèwé ni wọ́n ń san án fún tààrà. Ẹni tó bá béèrè owó oúnjẹ a tún máa gba 20,000 náírà lóṣù. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú: 20,000 yẹn náà, gbèsè ni! Kò sí èlé lórí ẹ̀. Ọdún 2 lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ríṣẹ́, wọ́n á máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní owó iléèwé jẹ́ 100,000 lọ́dún, fún ọdún 4: gbèsè di 400,000. Bí owó oṣù bá jẹ́ 100,000, wọ́n á máa yọ 10,000. Oṣù 40 ló máa fi tán, láìka owó oúnjẹ mọ́ ọn.

Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Princeton pa ẹ̀yáwó tì ní 2001, ó fi owó ẹ̀bùn tí a kì í dá padà rọ́pò rẹ̀ fún àwọn tí agbára òbí wọn ò ká a. Kí ló dé tí tiwa ò ṣe bẹ́ẹ̀? Princeton ní owó ìpamọ́ ńlá tí àwọn olóore fi sílẹ̀, èrè ẹ̀ ni wọ́n ń ná. Yunifásítì ìjọba tiwa, owó ìjọba àti owó tí òbí ń san ló gbé e dúró.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí a kì í san padà: bọ́sárì ìpínlẹ̀ Kwara, sikọ́láṣíìpù, ìrànwọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹ ro ibi tó sún mọ́lé náà: KWASU ní ọgbà ní Òsí níbí, ẹni tó bá ń ti ilé lọ ò ní san owó yàrá. Èyí tó bá kù ni kẹ́ ẹ yá, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tètè tọ́jú NIN àti BVN yín.

Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fúnni, a ṣoni. Ẹ wọn ọ́n dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.