Rédíò Inú Yàrà

Ẹni tó bá ti sùn ní ahéré rí nígbà tí àgbàdo ń gbó mọ̀ pé ọ̀yà kọ́ ni olè àkọ́kọ́. Oorun ni. Ọ̀yà lè jẹ ebè méjì mẹ́ta kó máa lọ, ṣùgbọ́n oorun á de ẹni mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, gbogbo oko á sì ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀yà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ṣọ́ oko kì í fi jókòó lásán. Ẹlòmíràn á máa lọ́ okùn, ẹlòmíràn á máa hun agbọ̀n, ẹlòmíràn á máa bó ẹ̀gúsí tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un. Ojú ń ṣọ́nà, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, oorun kò rí àyè.

Ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ibùdó lóru, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, àfi pé ohun tó ń bọ̀ wá jẹ oko tirẹ̀ gbé ìbọn lọ́wọ́.

Àwa ará Kétu ní ilẹ̀ Benin kò ṣàjèjì sí irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè tí àlejò kì í wá sí ìlú wa kó má dé. Láyé àtijọ́, odi amọ̀ ló yí ìlú po, yàrà wà lẹ́yìn odi, ẹnubodè náà sì ní ilẹ̀kùn lóde, ó tún ní òmíràn nínú. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí àlùfáà Samuel Ajayi Crowther wá kí Alákétu, ọba wa, ní 1853. Ní 1883, àwọn ọmọ ogun ìjọba Dahomey já wọ ìlú nígbà tí àwọn jagunjagun wa kò sí nílé. Wọ́n tún padà wá, wọ́n dó ti ìlú títí ebi fi ṣe ohun tí ìbọn kò lè ṣe, Kétu sì ṣubú ní 1886, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Abomey, olú ìlú Dahomey. Àwọn tó ṣọ́ odi ní àkókò ìdótì yẹn ni wọn ì bá sọ fún wa bí òru kan ṣe ń gùn tó.

Kí lèèyàn lè máa fi ọwọ́ ṣe nínú irú òru bẹ́ẹ̀? Ayò kọ́. Ọmọ ayò ń dún nínú ọpọ́n, òǹwòran ń pariwo jù ú lọ, àwọn àgbà sì ti sọ pé ọ̀sán ló ni ayò. Àlọ́ ni ti alẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tó ń pàlọ́ kì í jẹ́ kí etí gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ fìtílà kò ṣeé ṣe, nítorí fìtílà ni ọ̀tá máa kọ́kọ́ rí. Ohun tó yẹ ìṣọ́ òru ni èyí tí kò tàn, tí kò dún, tó sì gba sùúrù débi pé wákàtí mẹ́ta á lọ kéèyàn tó mọ̀. Nínú gbogbo èyí tí mo ti gbọ́ nípa rẹ̀, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn jù.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Bìrìtìkó gúnlẹ̀ sí Anzio, ìlú etíkun kan ní Ítálì. Róòmù ni wọ́n ń lọ, kò sì jìnnà, bí ẹní gbéra ní Kétu tó kọjá Pọ́bẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì wà lórí òkè tó yí wọn ká, wọ́n ń wò wọ́n láti òkè, wọ́n ń ju ọta lù wọ́n tọ̀sán tòru. Ni kálukú bá gbẹ́ yàrà tirẹ̀, kòtò tí kò gbà ju ẹnì kan tàbí méjì lọ, wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Ó di ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún kí wọ́n tó já jáde níbẹ̀. Ẹ ka oṣù mẹ́rin yẹn lọ́kàn yín. Àgbàdo á hù, á yọ ọmọ, á sì gbó nínú rẹ̀.

Inú yàrà wọ̀nyẹn ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rédíò. Abẹ ìfárùngbọ̀n tó ti dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú dúdú inú pẹ́ńsù, píìnì tí wọ́n fi ń há aṣọ, wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ igi tàbí páálí, pákó kékeré kan, àti ohun ìgbọ́hùn tí wọ́n ń fi sí etí. Kò sí bátìrì. Kò sí iná kankan tí wọ́n so ó mọ́. Síbẹ̀ orin ń wọlé láti Róòmù, níbi tí àwọn ará Jámánì ti ń fi orin dídùn tan àwọn ọmọ ogun, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì há àárín orin náà. Ìyẹn nìkan kọ́: ilé iṣẹ́ rédíò àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fúnra wọn náà ń dún.

Ẹ ó bi mí pé, níbo ni agbára rẹ̀ ti wá? Ẹ jẹ́ ká wo òrùlé wa. Ilẹ̀ wa níhìn-ín ga, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn, kànga gbígbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Nítorí náà, bí òjò bá ṣú, gbogbo ìyá ilé á gbé ìkòkò, garawa àti dọ́rọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó fa omi náà, kò sí ẹ̀rọ tó ti i. Òjò ló ń rọ̀ sórí gbogbo ayé, òrùlé kàn kó èyí tó bọ́ sórí rẹ̀ jọ sójú kan ni. Bí òrùlé bá fẹ̀, dọ́rọ́ọ̀mù á tètè kún. Bí ó bá jẹ́ ahéré, garawa kan náà lè má kún. Rédíò ń rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo wa. Ilé iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ ló ń san owó iná; òpó rẹ̀ ń da agbára náà sáfẹ́fẹ́, ó ń bọ́ sórí páànù wa, sórí igi àgbọn, sórí irun orí wa, a kò sì mọ̀. Wáyà gígùn tí ọmọ ogun náà ta láti orí igi kan sí òmíràn ni òrùlé rẹ̀. Wáyà kejì tó rì mọ́lẹ̀ ni ibi tí omi ń gbà lọ. Bí wáyà òkè bá ṣe gùn tó ni ohun tí etí máa rí gbà ṣe máa pọ̀ tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kán ni gbogbo rẹ̀.

Wáyà tí wọ́n wé mọ́ igi ló ń ṣa ilé iṣẹ́ kan nínú ọ̀pọ̀. Bí wọ́n bá fi kún iye ìgbà tí wọ́n wé e tàbí tí wọ́n bá dín in, ohùn mìíràn á wọlé.

Abẹ ìfárùngbọ̀n ni ìjìnlẹ̀ ibẹ̀ wà. Agbára tó ń bọ̀ láti òfuurufú kì í lọ síbì kan, ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó ṣe ń ti irin pẹlẹbẹ inú ohun ìgbọ́hùn lọ ló ń fà á padà, irin náà kò sì ní mira, nítorí ìtì àti ìfà ti pa ara wọn. A nílò ohun tó máa gba ìlọ, tó máa kọ àbọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra ẹja Odò Wémè, ẹ ti rí ìgèrè rí. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ lóde, ó wá ń há lọ sínú, orí àwọn igi tín-ín-rín sì kọjú síra wọn nínú lọ́hùn-ún. Ẹja á yọ́ wọlé bí ẹní ń lọ sílé àna, ṣùgbọ́n bó bá yí padà láti jáde, igi wọ̀nyẹn á gún un lójú, ó di ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ìpẹtà ara abẹ ni ìgèrè yìí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo irin, níbi tí dúdú pẹ́ńsù ti kàn án, ń jẹ́ kí agbára kọjá lápá kan ju apá kejì lọ. Bí àbọ̀ bá ti dín kù, ìgbéga àti ìrẹ̀sílẹ̀ ohùn olórin ló kù tó ń mi irin náà, etí á sì gbọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ojú abẹ ló ní ìgèrè nínú. Níbí ni eré ọwọ́ náà ti di eré òru. Èèyàn á fi píìnì gbé ẹnu pẹ́ńsù kan abẹ, á tẹ́tí. Kò sí nǹkan. Á sún un bí ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́, á tẹ́tí. Bó bá tẹ̀ ẹ́ jù, ohùn á lọ. Bí kò bá sì tẹ̀ ẹ́ tó, ohùn kò ní wá. Ọwọ́ ló ń ṣe é, kò gba ojú, òkùnkùn kò sì dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú iyanrìn ní alẹ́ rí mọ irú sùúrù tí mò ń wí. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ìṣọ́ kàn gan-an kò gbọdọ̀ fi nǹkan dí etí rẹ̀ rárá. Ẹni tó ń dúró de ìgbà tirẹ̀, tí kò rí oorun sùn nítorí ọta tó ń já, òun ni rédíò yìí yẹ.

Ó tún ní àǹfààní kan tó ṣe pàtàkì lójú ogun. Rédíò tó dára jù nígbà náà, tó ń lo bátìrì, máa ń jo: bó ṣe ń gbọ́ ni òun náà ń mí díẹ̀ síta, ẹni tó bá sì ní irinṣẹ́ lè tọ èémí náà dé ibi tó wà. Rédíò abẹ kò ní ohun tó máa mí. Gbígbà nìkan ló mọ̀.

Èyí ló ń mú mi ronú nípa àwọn ọmọ wa tó wà ní àríwá Benin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022 ni ìjọba ti kó àwọn ọmọ ogun lọ sí Alibori àti Atacora nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mirador, láti dí ọ̀nà mọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí tó ń wọlé láti ibodè. Fóònù ni ọ̀dọ́ òde òní fi ń pa òru. Ojú fóònù sì ń tàn, a lè rí i lókèèrè nínú igbó tó dúdú, fóònù fúnra rẹ̀ kì í sì í dákẹ́: ó ń bá òpó tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ bí ẹnì kankan kò tilẹ̀ pè. Àṣẹ ọ̀gá wọn ni wọ́n á tẹ̀ lé nípa ohun tí wọ́n lè mú dání. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí wọ́n mọ̀ pé irú eré ọwọ́ báyìí wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé, ẹ má retí àwọn ilé iṣẹ́ FM tí ẹ mọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di ohùn sínú agbára yàtọ̀. AM ni rédíò abẹ ń gbọ́. Ilé iṣẹ́ rédíò TWR ní òpó AM kan nítòsí Parakou, lórí 1566 kHz, ẹni tó bá ń gbé lágbègbè ibẹ̀ ló sì máa rọrùn fún jù. Ohun ìgbọ́hùn fóònù òde òní kò ní ṣe é, ó ń fẹ́ omi tó ju ti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wa lọ; èyí tí wọ́n ń pè ní kírísítà ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ fi iná jó abẹ tuntun títí ara rẹ̀ á fi di àwọ̀ aró bí kò bá sí èyí tó dípẹtà. Kẹ́ ẹ sì tú wáyà òkè sílẹ̀ kí òjò tó dé, torí mànàmáná.