Íìsì Ìyá Oníbúrẹ́dì àti Ẹrù Inú Ara Wa

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí a wọ ilé búrẹ́dì kan nítòsí ọjà Odò-Orí, n'Ìwó. Ìyá oníbúrẹ́dì ti da íìsì sínú abọ́, ó bu ṣúgà lé e, ó wá ti ìka bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó tó rọ ọ́ sí i. Ó ní, "Bó bá gbóná jù, ó kú nìyẹn." Kò pẹ́ tí ìfófó fi ń ru bọ̀ létí abọ́, tó ń ta sánsán bí ẹmu. Ohun abẹ̀mí kan náà tó ń mú búrẹ́dì wú ló ń mú kí ẹmu máa hó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kàwé ní Yunifásítì Bowen níbí, ló fà mí wá. Lánàá mo bi í léèrè ohun tí ń jẹ́ SEC23B tó kọ gàdàgbà sí iwájú ìwé rẹ̀. Kò ṣàlàyé. Ó kàn ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ wo íìsì lọ́la."

Jíìnì ènìyàn ni SEC23B, orí kúrómósóòmù 20 ló wà. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ara ti ń ṣe purotéènì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ṣe wọ́n. A ní láti dì wọ́n sínú àpò tíńtín, kí àpò náà já kúrò lára ibi tó ti wá, kó gbé wọn lọ. Jíìnì yìí ni ara fi ń mọ bí yóò ṣe ṣe ọ̀kan lára àwọn purotéènì tó ń so kọ́ra wọn yí àpò náà ká bí àwọ̀n, tí wọ́n ń fà á jáde títí yóò fi rí roboto.

Nígbà tí a dé inú ọjà, oòrùn ti yọ. Aláàárù kan ń so àpò gàrí. Ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó fa okùn náà títí iṣan ọwọ́ rẹ̀ fi le, ó ta á ní kókó méjì. Ó wo àmì tí wọ́n fi èédú fà sí ẹ̀gbẹ́ àpò, ó gbé òṣùká ka orí, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Kò tú àpò wò, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Purotéènì náà ń gbé àmì ibi tó ń lọ kiri lára. Günter Blobel ló fi èyí hàn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1999.

Inú íìsì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àwọn jíìnì SEC. Ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, Randy Schekman àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Peter Novick, wá íìsì tó ń ṣe dáadáa níbi tó tutù, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà inú rẹ̀ ń dí bí ooru bá ti dé ìwọ̀n 37. Ní 1979 wọ́n kéde àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di 1980, iye jíìnì náà ti di 23. Bí wọ́n ṣe ṣà wọ́n jáde ló wọ̀ mí lára jù. Íìsì tí ọ̀nà rẹ̀ dí kò dá iṣẹ́ dúró: ó ń ṣe ọjà lọ, ọjà kò ríbi jáde, ni ó bá wúwo. Wọ́n dà wọ́n sínú omi kan tó ki, àwọn tó ru ẹrù àìjáde sì rì sísàlẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu. Ẹ̀bùn Nobel ti 2013 kan Schekman, òun pẹ̀lú James Rothman àti Thomas Südhof.

Ní 2009 ni wọ́n mọ̀ pé bí SEC23B bá bàjẹ́, ó ń fa irú àìtó ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń bí mọ́ni. Nínú mùdùnmúdùn egungun, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó di ẹ̀jẹ̀ pupa á ní kóró méjì dípò kan. Ó ṣọ̀wọ́n, ó sì di ìgbà tí ọmọ bá gba jíìnì tó bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, kí ọmọ máa pọ́n lójú, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má tó, fòníkú-fọ̀ladìde náà ni gbogbo ẹnu ń pè é kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó máa ń dùn mí. Òótọ́ ni pé òun ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí tirẹ̀ yàtọ̀ yẹ lẹ́ni tí a ó wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀.

A yà sí kẹ́místì kan kí a tó padà. Ìyá àgbà kan ń ra ínsúlínì ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó tọrọ páálí rẹ̀, ó tú ìwé pélébé inú rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka fún mi: Saccharomyces cerevisiae. Íìsì ni. Wọ́n ti ki jíìnì ínsúlínì ènìyàn bọ̀ ọ́ nínú. Ó ń ṣe é, ó ń dì í sápò, ó ń gba ọ̀nà SEC gbé e jáde sínú omi tó wà, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ti ń gbọ́n ọn.

"Irú èyí tó wà nínú búrẹ́dì náà?" ni ìyá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ìyá gba páálí rẹ̀, ó kì í bọ inú náílọ́ọ̀nù dúdú pẹ̀lú omi dídì, ó sì ní kí ọlọ́kadà tètè máa gbé òun lọ kí oòrùn tó mú.