Ọ̀bẹ tí kò mú ń jẹ èrè onígààrí

Kí ẹ̀rọ tó rin ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Láti Lálúpọn títí dé Ìjàyè àti Àkànrán, níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe gààrí tà, àwọn obìnrin ló ń jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká láàárọ̀, kálukú pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́. Ìwọ̀n tí ẹnì kan bá bẹ ni wọ́n sábà máa ń sanwó fún un lé lórí, nítorí náà ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ kò bá mú, owó rẹ̀ á kéré. Ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ gan-an ló ń pàdánù jù, àmọ́ òun kì í tètè mọ̀.

Ọ̀bẹ tí kò mú kì í bẹ èèpo nìkan, ńṣe ló ń gé ara ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Ká ní kílò 3 péré ló ń bá èèpo lọ nínú kílò 100. Ẹni tó ń lo tọ́ọ̀nù 1 lọ́sẹ̀ ti da kílò 30 sí ààtàn nìyẹn. Nǹkan bí ìdá 1 nínú 5 ẹ̀gẹ́ tútù ló sì ń di gààrí, ó túmọ̀ sí pé gààrí kílò 6 ti lọ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ká má tíì sọ ti ìka. Ọ̀bẹ tí kò mú ni èèyàn máa ń fi agbára tì, bó bá sì yọ̀, ọwọ́ ló ń bà lé.

Ẹ̀rọ tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ wà lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1967, sì ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í dọ́gba, èyí wọ́, èyí tẹ́ẹ́rẹ́, èyí ṣe kókó, ìyẹn ló ń dààmú ẹ̀rọ. Ọ̀bẹ ṣì wà níbẹ̀.

Ohun ìpọ́nbẹ kékeré tó ṣeé fi sápò wúlò níbí. Kò ju ìka ọwọ́ lọ, ó sì ní ojú ihò méjì. Nínú èkíní ni irin líle kan tí wọ́n ń pè ní carbide wà, òun ló ń fá irin kúrò lẹ́nu ọ̀bẹ. Amọ̀ tí wọ́n sun títí tó fi le ló wà nínú èkejì, òun ló ń mú kí ẹnu ọ̀bẹ náà dán. Wọ́n á fi ìdí ọ̀bẹ sínú ihò, wọ́n á rọra fà á wá sọ́dọ̀ ara wọn títí dé ṣóńṣó rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún. Wọn kì í tì í padà, wọn kì í sì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni pé ihò àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Irin ló ń jẹ, kò ní pẹ́ tí ọ̀bẹ á fi tẹ́ẹ́rẹ́ dànù. Ihò kejì tó fún àtúnṣe ojoojúmọ́, ó di ìgbà tí ọ̀bẹ bá kú pátápátá kí wọ́n tó lo èkíní. Yanrìn ara ẹ̀gẹ́ náà ń pa ọ̀bẹ. Ẹni tó bá gbọn erùpẹ̀ dànù kó tó bẹ ẹ́ á rí i pé ọ̀bẹ òun pẹ́ kó tó kú.

Ohun kékeré yìí kò wà fún àdá o. Ẹnu àdá nípọn, fáìlì ló yẹ ẹ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti ki jù, alágbẹ̀dẹ ló kù, kó fi iná mú un gbóná kó sì lù ú tẹ́ẹ́rẹ́.

Àwọn tó ń fi òkúta tí ẹ̀rọ ń yí pọ́n ọ̀bẹ fún owó náà ní ohun tí wọ́n ní láti ṣọ́. Bí irin bá gbóná títí tó fi yí àwọ̀ padà bí aró, líle rẹ̀ ti lọ, kò ní mú pẹ́ mọ́. Kí omi wà nítòsí.

Lọ́dọ̀ àwọn alápatà, irú àwọn tó wà ní ilé ìpẹran Amósùn ní Akínyẹlé, ọ̀bẹ gígùn ni wọ́n ń lò, òkúta àti ọ̀pá irin sì yá wọn ju ohun ìpọ́nbẹ alápò lọ. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, eruku irin á kù lára ọ̀bẹ, kí wọ́n fọ̀ ọ́ kó tó kan ẹran.