Ta Ni Ó Ṣe Àwo Yìí? Ìmọ̀ràn fún Àwọn Tí Ń Ra Àwo Òfìfo

Àwọn baba wa a máa wí pé, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti àwo sídì àti dífídì òfìfo, orúkọ ni a ń rí lójú páálí, ṣùgbọ́n ilé tí a gbé bí ọmọ náà fara sin. Ọ̀ràn yìí kò kéré fún agboolé tí ó pa ohùn ìyá àgbà tàbí àwòrán ìgbéyàwó ọmọ mọ́ sínú irú àwo bẹ́ẹ̀. Bí àwo bá bàjẹ́, ta ni yóò pe òkú padà kí ó wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ?

Púpọ̀ nínú àwọn tí orúkọ wọn wà lára páálí kì í ṣe àwo fúnra wọn. Wọn a rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọn a sì tẹ orúkọ tiwọn sí i. Nítorí náà, páálí méjì tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè ti ọwọ́ olùṣe méjì wá. Taiyo Yuden ti ilẹ̀ Jàpáànù, tí ó wà nídìí sídì àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1988, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2015. CMC Magnetics àti Ritek wà ní Táíwàn.

Èéṣe tí olùṣe fi ṣe pàtàkì? Aró ni ọkàn àwo. Inú aró náà ni ẹ̀rọ ń fi ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí. Gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí a kò rẹ dáradára ti í ṣá, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni aró àwo tí a ṣe láìbìkítà í bàjẹ́, tí ẹ̀rọ kò sì ní lè kà á mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ṣe báyìí. Èkíní, ẹ wo orúkọ ilẹ̀ tí a ti ṣe àwo náà lára páálí. Èkejì, ẹ ra ẹyọ kan tàbí páálí tí ó kéré jù lọ. Ẹ̀kẹta, ẹ fi í sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi ètò bí ImgBurn, tí a kì í san owó fún, ka àmì tí olùṣe tẹ̀ sínú àwo. Lára dífídì, TYG03 ń tọ́ka sí Taiyo Yuden, MCC sí Mitsubishi Chemical, CMC MAG sí CMC. Àmì ti sídì dàbí àkókò aago: 97m24s ni ti Taiyo Yuden. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, nígbà náà ni kí ẹ padà lọ ra púpọ̀, irú páálí kan náà, láti ilẹ̀ kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Àwọn ayédèrú a máa jí àmì ẹni rere lò. Ilé-iṣẹ́ mìíràn sì lè gba àṣẹ láti ṣe àwo lábẹ́ àmì ẹlòmíràn, bí a ti ṣe MCC ní Táíwàn àti Íńdíà. Nítorí náà, ẹ kọ nǹkan sí ẹyọ tí ẹ rà, kí ẹ sì tún un kà délẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ohun tí ẹ kò lè rí ṣe mọ́, ẹ kọ ọ́ sínú àwo méjì tí olùṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, kí ẹ sì pa wọ́n mọ́ síbi tí oòrùn kò dé. Owó àwo kò tó nǹkan. Ohùn tí ó wà nínú rẹ̀ ni kò ṣeé fi owó rà.