Òkúta Jakarta, Ìfófòó Berlin

Iyùn tí a ń so mọ́rùn níbi ayẹyẹ, egungun ẹranko òkun ni. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń kọ́ òkìtì sábẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò fẹ́ràn ìdọ̀tí rárá. Ẹni tó bá fẹ́ sìn wọ́n nínú àpótí gíláàsì, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó dojú kọ ọ́ ni pé: ta ni yóò máa fọ omi náà?

Lọ́dún 1961, Lee Chin Eng ará Jakarta kọ ìdáhùn tirẹ̀ síta: òkun ni. Ó ṣa òkúta láti inú òkun pẹ̀lú gbogbo abẹ̀mí tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó kó o sínú àpótí, ó jẹ́ kí oòrùn tàn sí i, ó sì ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú omi. Ó parí. Àwọn ará Berlin, tí ọ̀nà wọn gbajúmọ̀ láwọn ọdún 1980, lo irú òkúta kan náà, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni oòrùn tiwọn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìfófòó kún un. Inú ẹ̀rọ yìí ni atẹ́gùn wẹ́wẹ́ ti ń la omi kọjá. Ohun yíyọ̀ tó wà nínú omi á lẹ̀ mọ́ ọn, á hó bí ọṣẹ, á ru sókè bọ́ sínú ife kan, pẹ̀lú àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì. Ẹni tó ni ín á dà á nù.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ni ìyàtọ̀ wọn. Berlin ń kó ìdọ̀tí síta kó tó jẹrà. Jakarta ń jẹ́ kó jẹrà, kí àwọn mìíràn sì jẹ ẹ́. Kòkòrò àìfojúrí ara òkúta á sọ àmóníà ìgbẹ́ ẹja di náítíréètì. Nínú ihò òkúta lọ́hùn-ún, níbi tí ọ́síjìn kò ti fi bẹ́ẹ̀ dé, òmíràn á sọ náítíréètì di afẹ́fẹ́ náítírójìn tí yóò fò lọ. Ó dà bí ilé méjì: ọ̀kan ń gbálẹ̀ lójoojúmọ́, èkejì ń sin adìẹ tí ń ṣa èérún jẹ.

Onígbálẹ̀ lè gba àlejò púpọ̀. Ẹja Berlin lè pọ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì yó. Ti Jakarta gbọ́dọ̀ kéré níye, kí olúwa rẹ̀ sì ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ kò mọ èérún yàtọ̀ sí oúnjẹ: ẹ̀rọ náà ń gbá ohun abẹ̀mí kéékèèké tí iyùn ìbá jẹ mọ́ ìdọ̀tí. Ní Jakarta oúnjẹ kò lọ, fọ́sífétì inú ìdọ̀tí náà kò sì lọ, nítorí kò sí kòkòrò tó lè sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Bí iná bá lọ ńkọ́? Àwa tí a mọ̀ ọ́n ní lílọ-bíbọ̀ mọ̀ pé àpótí tí ẹja inú rẹ̀ kò pọ̀ ni yóò mí pẹ́ jù.

Síbẹ̀, ẹ yọ òkúta kúrò ní Berlin kí ẹ wo ohun tó kù. Ẹ̀rọ ìfófòó kì í mú náítíréètì. Òkúta ló ń mú un kúrò, bíi ti Jakarta gẹ́lẹ́. Jean Jaubert, onímọ̀ nípa ẹ̀dá òkun, tilẹ̀ yọ ẹ̀rọ náà kúrò pátápátá nínú ètò tirẹ̀ tí wọ́n lò ní Monaco: iyanrìn jíjìn ló tẹ́, ó sì fi àyè omi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí kòkòrò lè ríbi ṣiṣẹ́.

Mo ti fẹ́ pe Jakarta ní ti ẹ̀dá, kí n pe Berlin ní ti ẹ̀rọ, kí n tó rántí etíkun Badagry. Nígbà tí ìgbì bá lu ilẹ̀, omi á hó, ìfófòó á sì bo iyanrìn, èyí tó ti pẹ́ á máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ohun yíyọ̀ inú òkun ni atẹ́gùn gbé wá síbẹ̀, bó ṣe ń gbé e nínú ẹ̀rọ. Kìkì pé níbẹ̀, kò sẹ́ni tí ń da ife nù.