Bí A Ṣe Ń Tú Àdììtú Inú Ìwé Ìròyìn

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ́ràn ìwé kíkà, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i rí ní ojú ewé ẹ̀yìn ìwé ìròyìn òyìnbó: àwòrán onígun mẹ́rin tí a pín sí àpótí kéékèèké, àwọn kan dúdú, àwọn kan funfun, tí a sì to gbólóhùn kúkúrú-kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Crossword ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà kan ni a ń kọ sínú àpótí funfun kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan á dùbúlẹ̀, òmíràn á dúró gbọnrangandan, wọn á sì máa pàdé ara wọn lójú ọ̀nà.

Ọkùnrin kan tí a bí ní Liverpool, Arthur Wynne, ni ó kọ́kọ́ tẹ irú rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913. Kò sí ẹ̀tàn nínú tirẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá béèrè ẹranko tí ń gbó, ajá ni, ó parí. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọdún 1926 ni Edward Powys Mathers ti ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Observer. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́, ó ń pe ara rẹ̀ ní Torquemada, orúkọ àlùfáà ilẹ̀ Spéènì kan tí ó ń dá àwọn ènìyàn lóró láyé àtijọ́. Orúkọ náà yẹ ẹ́, nítorí ó dá àwọn tí ń ka ìwé náà lóró dáadáa. Oríṣi tí ń tan ènìyàn yìí ni mo fẹ́ là yé yín.

Ẹ rántí àlọ́ àpamọ̀ tí a máa ń pa lálẹ́. Bí ẹnìkan bá pa á, ìjọra nìkan ni ẹ ní láti fi wá ìdáhùn, àgbà ni yóò sì sọ bóyá ẹ gbà á tàbí ẹ kò gbà á. Àdììtú inú ìwé ìròyìn kò nílò àgbà. Gbólóhùn kan ni ẹ ń rí, ṣùgbọ́n méjì ni, ẹni tí ó dì í ló rán wọn pọ̀ tí ó sì fi ojú ìrán pamọ́. Apá kan ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí a ń wá. Ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí gbólóhùn ni apá yìí máa ń wà, kì í gbé àárín. Apá kejì ń sọ bí a ṣe lè fi lẹ́tà to ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀nà méjì ló wọ ọjà kan ṣoṣo. Iye lẹ́tà rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sí ìparí.

Ẹ jẹ́ kí n fi èdè tiwa ṣe é. Ẹ wo èyí: “Yí ọ̀bẹ padà, kí o rí ohun tí à ń rú (lẹ́tà 3).” Ọkàn yín ti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ó lọ. Ẹ gbé ọ̀bẹ kúrò lọ́wọ́, kí ẹ gbé e sórí ìwé: ọ, b, ẹ. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn: ẹ, b, ọ. Ẹbọ ni à ń rú. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kì í kọ àmì ohùn sínú àpótí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò fọwọ́ kan àmì ìsàlẹ̀. Níbòmíràn n kò ní fara mọ́ ọn láéláé kí a kọ Yorùbá láìsí àmì, ṣùgbọ́n nínú eré yìí èrè ni. Igbá tí à ń fi bu omi, ìgbà òjò, igbà tí àwọn adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, àti igba tí í ṣe 200, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn nínú àpótí. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó bá fẹ́ tan ènìyàn jẹ ní èdè wa kò ní jìyà rárá.

Èkejì: “Inú ilẹ̀kùn ni ẹranko apẹranjẹ yìí sá sí (lẹ́tà 4).” Ẹ má lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín. Ẹ pe lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, i, l, ẹ, k, u, n, ẹ ó bá ẹkùn níbẹ̀, ó kan ká jọ ni.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wá sí ti òyìnbó. Mo ti dì í fún yín: “Flower of troubled reign (5).” Bí ẹ bá kà á lásán, òdòdó ìjọba tí kò fara rọ ni yóò jọ lójú yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sáré kọ TULIP, nítorí òdòdó ni, lẹ́tà 5 ni, ó sì wọ inú àpótí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni náà léèrè pé, kí ni “troubled reign” wá ṣe níbẹ̀? Kò ní lè dáhùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí ó dúró bá sì wá pàdé TULIP rẹ̀, ìjà ni.

Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ bíi “troubled” tàbí “broken” tàbí “wild”, ẹ fura: ẹni tí ó dì í ń sọ pé kí a da lẹ́tà ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rú. Ẹ da R, E, I, G, N rú, kí ẹ tún wọn tò. N, I, G, E, R. Ṣé òdòdó wá ni Niger? Rárá o. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, “flow” ni kí omi máa ṣàn. Bí a sì ti ń fi “a” síwájú ọ̀rọ̀ láti sọ ẹni tí ń ṣe nǹkan, bí apẹja, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń fi “er” sí ẹ̀yìn. “Flower” lè jẹ́ aṣàn, èyíinì ni odò. Odò Ọya ni! Ní ti “of”, okùn tí a fi rán apá méjèèjì pọ̀ ni.

Ẹ wá rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ó jókòó lásán. Àwọn àgbà inú eré yìí, Ritchie tí ń pe ara rẹ̀ ní Afrit, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1949, àti Macnutt tí ń jẹ́ Ximenes, nínú tirẹ̀ ti ọdún 1966, fi ẹsẹ̀ òfin yìí múlẹ̀: ó tọ́ kí adìí tan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rẹ́ ẹ jẹ. Nítorí náà, ìdáhùn tí ẹ kò bá lè ṣàlàyé, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́, ẹ má fi yíǹkì kọ ọ́.

Ẹ má sì rò pé eré lásán ni. Ní oṣù Kínní ọdún 1942, nígbà tí ogun Hitler ń jà lọ́wọ́, ìwé ìròyìn Daily Telegraph ní London pe àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tú pé kí wọ́n wá jókòó ní ọ́fíìsì àwọn, kí wọ́n tú ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú 12. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà ìjọba dé ọwọ́ díẹ̀ nínú wọn. Àwọn kan wá bá ara wọn ní Bletchley Park, níbi tí wọ́n ti ń tú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọ ogun Jámánì.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1944, àdììtú inú ìwé ìròyìn yìí kan náà dẹ́rù ba ìjọba. Leonard Dawe, ọ̀gá ilé ìwé kan, ni ó dì í. Ní oṣù Karùn-ún, UTAH jáde gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. OMAHA tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà OVERLORD, lẹ́yìn náà MULBERRY. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, NEPTUNE. Orúkọ àṣírí sì ni gbogbo wọn! Utah àti Omaha ni etíkun tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yóò gúnlẹ̀ sí ní Normandy; Mulberry ni èbúté àtọwọ́dá tí wọn yóò wọ́ gba orí òkun; Neptune ni ti ojú omi; Overlord ni gbogbo ìgbógunti náà lápapọ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni wọ́n sì gúnlẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá inú méjì lọ bá Dawe nílé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọn kò rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn. Ní ọdún 1958 òun fúnra rẹ̀ sọ ìtàn náà lórí tẹlifíṣọ̀n BBC, ó sì kú ní ọdún 1963. Ìdáhùn wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá náà, ó wọ inú àpótí dáadáa, ṣùgbọ́n àlàyé kò sí. Ọdún 1984 ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ìwé Dawe ìgbà náà tó yọjú. Ó ní ọ̀gá àwọn máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi ọ̀rọ̀ kún àpótí, kí òun tó wá gbólóhùn sí i. Àwọn ọmọ náà sì ń lọ bá àwọn sójà tí ó pàgọ́ sí tòsí ṣeré, ẹnu wọn ni àwọn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Mo gbà á gbọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé pẹ̀lú ọmọdé mọ̀ pé etí wọn kì í sùn.

Ẹ gba èyí lọ sílé: “Ìpadàbọ̀ láti Èkó gbé mi dé ibi gíga (lẹ́tà 3).” Nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ má sọ ìdáhùn nìkan fún ẹni tí ó jókòó tì yín. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe.